Ọ̀rá omi nígbà ààwẹ̀ Lẹ́ńtì

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin wolé-wolé wa. Olùkọ́ ni mí ní Òkè-Fìà, Òṣogbo níbí. Láti Ọjọ́rú Eléérú ni mo ti fi ẹran àti mínírà sílẹ̀. Fádà wa ní ká fi ìtọ́jú àyíká kún ààwẹ̀ wa, mo sì gbà. Àmọ́ bí òùngbẹ bá gbẹ mí lọ́nà, tí mo ra omi ọlọ́rà, kí n tó mọ̀, ọ̀rá ti bọ́ sí gọ́tà. Kí ni ṣíṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú ààwẹ̀ o. Nípa ti ẹran, Fádà ni kẹ́ ẹ bi, iṣẹ́ tèmi kọ́. Mínírà rọrùn láti kọ̀ torí pé ẹ gbọ́dọ̀ yọ owó lápò kẹ́ ẹ tó rà á, ẹ ó sì rántí. Ọ̀rá kò bi yín léèrè. Ẹ ti mu omi tán, kò síbi tẹ́ ẹ ó fi í sí, ọwọ́ a sì jù ú. Nítorí náà, ilé ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀: ẹ rọ omi sínú ike láàárọ̀, kẹ́ ẹ gbé e dání. Bí omi bá tán lọ́nà tẹ́ ẹ sì ra ọlọ́rà, ẹ ká ọ̀rá rẹ̀ sí àpò ẹ̀gbẹ́ báàgì yín títí dilé.

Àsìkò yìí gan-an ló ṣe pàtàkì. Láàárín oṣù kejì sí oṣù kẹrin ni Lẹ́ńtì máa ń bọ́ sí, ìgbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ń kásẹ̀ nílẹ̀ tí àkọ́rọ̀ òjò ń bọ̀. Gbogbo ohun tí gọ́tà ti gbé mì látìgbà ọyẹ́ ni òjò náà yóò bá níbẹ̀. Èyí tó bá dí ọ̀nà, omi a ya wọlé. Èyí tó bá kọjá, ó di inú odò Ọ̀ṣun, Ọ̀ṣun a sì gbé e lọ dé ọ̀sà Lẹ́kí. Omi tó sì dúró sínú ike, agolo àti táyà nílé, ibẹ̀ ni ẹ̀fọn tó ń gbé ibà pọ́njú kiri ń yé sí. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, tanwíji ti di ẹ̀fọn. (Ìkòkò omi làwọn ọ̀gá wa àtijọ́ máa ń yẹ̀ wò. Ká ní wọ́n dé lónìí, ẹ̀yìnkùlé ni wọn ì bá kọ́kọ́ lọ.)

Ìdánwò tí mo kà sí èyí tó burú jù ni kẹ́ ẹ gbá ọ̀rá jọ kẹ́ ẹ dáná sun ún, torí ó jọ ìmọ́tótó lójú. Májèlé ni èéfín rẹ̀, àgàgà fún ọmọdé àti ẹni tó ní ikọ́ fée. Ẹ gbé àpò kan sí igun kíláàsì kí àwọn ọmọ máa kó ọ̀rá sí. Bó bá kún, ẹ wá àwọn tó ń ra ike kiri.

Bẹ́ ẹ bá sì gbọ́n gọ́tà iwájú ilé, ẹ má fi ẹrẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ sétí ibẹ̀. Òjò kan ṣoṣo ni yóò dá a padà.