Kí ni ká pe Elemental ní Yorùbá: òrìṣà ni, àbí iwin?

Àbúrò kan tó ń gbé ní Sùúrùlérè ló bi mí ní ìbéèrè yìí. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ máa ń pàdé lọ́jọ́ Àbámẹ́ta láti fi káàdì Magic: The Gathering ṣeré, wọ́n sì ti pinnu pé Yorùbá ni àwọn yóò máa fi pe àwọn ẹ̀dá inú rẹ̀. Orí èyí tí wọ́n ń pè ní Elemental ni àríyànjiyàn ti bẹ́ sílẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ní òrìṣà ni, pé Ṣàngó ni Fire Elemental, Ọya ni Air Elemental. Ìyá àgbà àbúrò náà tó wà ní Ìsàlẹ̀ Èkó wo àwòrán ara káàdì, wọ́n ní iwin ni. Àbúrò náà wá ní, "Ẹ̀gbọ́n, èwo ni ká mú?"

Àbúrò mi, ọ̀rọ̀ Màmá súnmọ́ ọn ju ti ọ̀rẹ́ rẹ lọ. Síbẹ̀, kì í ṣe iwin.

Ọdún 1993 ni eré náà jáde, Richard Garfield ló ṣe é, ilé-iṣẹ́ Wizards of the Coast ló sì tẹ̀ ẹ́. Láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni Elemental mẹ́rin ti wà nínú rẹ̀: ti afẹ́fẹ́, ti ilẹ̀, ti iná, ti omi. Kì í ṣe àwọn tó ṣe káàdì ló ronú kan mẹ́rin yẹn. Àwọn Gíríìkì àtijọ́ ló ti ń sọ pé nǹkan mẹ́rin yìí ni gbogbo ayé fi pilẹ̀. Nígbà tó di nǹkan bí 500 ọdún sẹ́yìn, oníṣègùn ará Yúróòpù kan, Paracelsus, wá sọ pé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ẹ̀dá tirẹ̀ tó ń gbé inú rẹ̀, pé àwọn ẹ̀dá náà ní ẹran ara ṣùgbọ́n wọn kò ní ọkàn bíi ti ọmọ ènìyàn. Eré káàdì yìí tún sún ọ̀rọ̀ náà síwájú díẹ̀. Nínú rẹ̀, Fire Elemental kì í ṣe ẹni tó ń gbé inú iná. Iná gan-an ló dìde, tó ní apá, tó ní ẹsẹ̀.

Wo káàdì tí wọ́n ń pè ní Ball Lightning, tó jáde ní 1994. Bí o bá ti pè é, ojú ẹsẹ̀ ló ń kọlu ọ̀tá, ọṣẹ́ mẹ́fà ló sì ń ṣe. Ṣùgbọ́n kí eré tó kan ẹni kejì, ó ti kú. Kò sí ẹni tó ń bi í pé ọmọ ta ni, kò sì sí ẹni tó ń sunkún rẹ̀.

Ibẹ̀ gan-an ni òun àti òrìṣà ti pínyà. Ṣàngó wọlẹ̀ ní Kòso, Ọya wọlẹ̀ ní ilé Irá. Ṣàngó jọba ní Ọ̀yọ́, ó láya, orógbó ni wọ́n fi ń bọ ọ́, kì í gba obì. Ọya kì í rí àgbò sójú. Nígbà tí a bá ń kì í ní "ẹ̀fúùfù lẹ̀lẹ̀ tí í dági lókèlókè", obìnrin kan tó nílé tó lọ́kọ ni à ń kì, ẹ̀fúùfù wá jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá mú gbogbo èyí tó sọ ọ́ di afẹ́fẹ́ lásán ti bọ́ aṣọ lára Ọya. Ó dùn mí nígbà tí mo bá ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́, torí mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni wọ́n fi ń sọ ọ́.

Eré yín pàápàá mọ ìyàtọ̀ yìí. Ní 2013, nínú ìpín tí wọ́n pè ní Theros, wọ́n mú irú ẹ̀dá kan jáde tí wọ́n ń pè ní God, lọ́tọ̀ sí Elemental. Thassa, tí òkun jẹ́ tirẹ̀, wà lára wọn. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù lọ ni òfin tó de àwọn wọ̀nyí: Thassa lè wà lórí tábìlì, ṣùgbọ́n kò ní dìde gẹ́gẹ́ bí ẹ̀dá tó lè jà títí àmì ìfọkànsìn tirẹ̀ lára àwọn káàdì rẹ yóò fi pé márùn-ún. Bí àwọn tó ń sìn ín bá dín, agbára ìdìde rẹ̀ lọ. Àwọn bàbá wa ti sọ ọ́ tipẹ́: bí kò sí ènìyàn, imalẹ̀ kò sí. Elemental kò bìkítà fún èyí. Yálà o sìn ín tàbí o kò sìn ín, iná á jó.

Èkó ni mo dàgbà sí, ibi tí mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ìyàtọ̀ méjèèjì yìí létí ara mi ni ìgbà tí òkun máa ń ya láti Bar Beach wọ títì Ahmadu Bello. Àwọn àgbà kan á ní, "Olókun ń bínú." Àwọn mìíràn á kàn ní, "Òkun tún ti dé." Gbólóhùn méjèèjì kò rí bákan náà rárá. Ẹni tó bá ń bínú ní ìdí tó fi ń bínú, a lè bẹ̀ ẹ́, a lè béèrè ohun tí a ṣe. Òkun tó kàn dé kò mọ̀ ẹ́ rí. Àwọn onímọ̀ ní àlàyé tiwọn: ògiri òkúta tí ìjọba amúnisìn kọ́ sí ẹnu ọ̀nà tí ọkọ̀ ojú omi ń gbà wọ Èkó, láàárín 1908 sí 1912, ló dí yanrìn tó ń ti ìwọ̀-oòrùn bọ̀ lọ́nà. Etíkun tó wà ní ìlà-oòrùn kò wá rí yanrìn tuntun gbà mọ́, omi sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́. Gbólóhùn kejì yẹn ni Water Elemental. Ti àkọ́kọ́ ni Olókun.

Nítorí náà, má gbà bí ẹnikẹ́ni bá ní Yorùbá kò mọ irú nǹkan báyìí. A mọ̀ ọ́n, inú òwe ni a fi í sí: òjò kò bá ẹnì kan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji bá rí leji ń pa. Ohun tí a kò ṣe ni pé kí a sọ òjò aláìmọ̀ọ́yàn yẹn di ẹnì kan.

Iwin ńkọ́? Iwin ní ibùgbé. Ó lè jẹ́ igi ìrókò, ó lè jẹ́ àpáta, ó lè jẹ́ ìsàlẹ̀ odò, ó sì ń wá ná ọjà láàárín àwa ènìyàn. Ohun tó mú kí n ní Màmá súnmọ́ ọn ni pé iwin náà máa ń ní àwòrán abàmì, kò sì pọn dandan kí á máa bọ ọ́. Àlùjọ̀nnú ni àwọn Mùsùlùmí ilé wa á tún dárúkọ, torí Àlùkùránì ní inú iná ni a ti ṣẹ̀dá wọn. Ṣùgbọ́n àlùjọ̀nnú ń gbàgbọ́, ó sì ń ṣàìgbàgbọ́, eré yín náà sì ní àlùjọ̀nnú tirẹ̀ lọ́tọ̀, Djinn ni wọ́n ń pè é.

Èyí tó le jù ni àwọn Elemental tí kì í ṣe ti iná tàbí omi. Ní 2007, nínú ìpín mìíràn tí wọ́n pè ní Lorwyn, wọ́n fi ìbẹ̀rù ṣe ọ̀kan, Dread lorúkọ rẹ̀. Mo kọ́kọ́ rò pé ajogun ló yẹ kí á pe èyí, bí Ikú, Àrùn, Òfò, Ẹ̀gbà. Mo tún un rò. Ifá sọ fún wa pé wọ́n pa ìyá Ikú sí ọjà Èjìgbòmẹkùn, tí Ikú sì gbọ́ ọ nílé, tó fi igbe ta. Ikú pàápàá ní ìyá. Dread kò ní.

Tí ẹ bá fẹ́ gba tèmi, ẹ lo "abẹ̀mí", ọ̀rọ̀ tí a ti ń lò tẹ́lẹ̀ fún ohun tó bá lè mí. Iná Abẹ̀mí, Omi Abẹ̀mí, Afẹ́fẹ́ Abẹ̀mí, Ilẹ̀ Abẹ̀mí. Dread á jẹ́ Ẹ̀rù Abẹ̀mí. Ẹ má wá orúkọ kan tó máa kó gbogbo wọn pọ̀, ohun tí wọ́n fi ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ máa fi pè é. Ó tún bá àwọn káàdì ilẹ̀ tó ń di Elemental fún ìgbà díẹ̀ mu, èyí tí wọ́n kọ sí lára pé ilẹ̀ náà ló ṣì jẹ́.

Bá mi kí Màmá. Kí o sì béèrè lọ́wọ́ wọn níbo ni iwin tí wọ́n mọ̀ ń gbé. Ó dá mi lójú pé wọn á dárúkọ igi kan tàbí etí omi kan fún ọ. Kọ ọ́ sílẹ̀ kó tó bọ́ lọ́wọ́ wa.