Ìṣirò kì í ṣe ọ̀rẹ́ mi: ṣé kí n mú cryptography ní yunifásítì?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Mo wà ní 300 level, kọ̀ǹpútà sáyẹ́ǹsì ni mo ń kà. Wọ́n ní a lè mú cryptography, ìmọ̀ bí a ṣe ń sọ ọ̀rọ̀ di àṣírí, lọ́dún tó ń bọ̀, àmọ́ kì í ṣe dandan. Iṣẹ́ ààbò ẹ̀rọ ló wù mí, ṣùgbọ́n ìṣirò kì í ṣe ọ̀rẹ́ mi. Ṣé kí n mú un? Kí ni kí n ti máa kọ́ sílẹ̀?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, mú un. Ìṣirò tó ń bà ọ́ lẹ́rù yẹn kò pọ̀ tó bí o ṣe rò.

Ìṣirò àṣẹ́kù ni wàá kọ́kọ́ pàdé, ó sì ti wà nílé wa tipẹ́. Ọjà tó ń ná ní ọrọọrún, ọjọ́ mẹ́rin ló fi ń yípo. Àwa la máa ń ka òní mọ́ ọn tí a fi ń pè é ní ọrún. Bí ó bá ná lónìí, tí o fẹ́ mọ̀ bóyá yóò ná lẹ́yìn ọjọ́ 50, o ò ní máa ka ọjọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Fi 4 pín 50: ó ṣẹ́ku 2, kò ní ná. Orí irú ìṣirò yìí ni RSA, ọ̀nà kan tí a fi ń ti ọ̀rọ̀ pa, dúró lé, àti ọ̀nà tí Diffie àti Hellman gbé jáde ní 1976, tí ẹni méjì tí kò pàdé rí fi lè ní kọ́kọ́rọ́ àṣírí kan náà (nọ́ńbà tí a fi ń ti ọ̀rọ̀ pa, tí a sì fi ń ṣí i) lójú gbogbo ayé. Nọ́ńbà tiwọn ló kàn tóbi. Fi probability díẹ̀ kún un, o ti lè bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí o fi ọkàn sí ju ìyẹn lọ ni pé ìṣirò kọ́ ló sábà máa ń já èèyàn kulẹ̀. Bí wọ́n ṣe lò ó ni. Wo PlayStation 3, ẹ̀rọ géèmù Sony. ECDSA, ọ̀nà ìbuwọ́lù orí kọ̀ǹpútà kan, ni Sony fi ń buwọ́ lu sọ́fítíwíà tí ẹ̀rọ náà máa gbà, kò sì sí ẹni tó rí ECDSA fúnra rẹ̀ tú. Nínú ìbuwọ́lù kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà àṣírí kan wà, k, tó yẹ kí a yàn lákọ̀tun nígbàkúùgbà, tí ẹnikẹ́ni kò ní lè mọ̀ tẹ́lẹ̀. Sony ń lo k kan náà léraléra. Ní oṣù Kejìlá 2010, ní Berlin, àwọn kan tó ń pe ara wọn ní fail0verflow tú u síta. Ìbuwọ́lù méjì ló tó (r àti s ni ìbuwọ́lù fúnra rẹ̀, h sì ni nọ́ńbà tí a ṣírò láti inú sọ́fítíwíà tí wọ́n buwọ́ lù):

s₁k = h₁ + rd
s₂k = h₂ + rd

Bí k kò bá yí padà, r náà kì í yí. k àti d nìkan ni a kò mọ̀, d sì ni kọ́kọ́rọ́ àṣírí ilé-iṣẹ́ náà. Yọ ti ìsàlẹ̀ kúrò lára tòkè: rd pòórá, k jáde, d tẹ̀lé e. Simultaneous equation tí a ṣe ní sẹ́kọ́ńdìrì nìyẹn! (Ìṣirò àṣẹ́kù la fi ń ṣe é, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ni.) Báírò àti ìwé kan ni mo fi ṣe é nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i, n kò sì gbàgbé rẹ̀ mọ́.

Nítorí náà, béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ti mú un ṣáájú rẹ: ṣé olùkọ́ máa ń ní kí wọ́n tú nǹkan fúnra wọn, àbí kí wọ́n kàn há ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ sórí? Bí DES, ọ̀nà àtijọ́ kan tí a fi ń ti ọ̀rọ̀ pa, bá ni wọ́n parí sí, ó ti pẹ́ jù. Ẹ̀rọ tí EFF, ẹgbẹ́ kan tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn tó ń lo íntánẹ́ẹ̀tì, kọ́ rí kọ́kọ́rọ́ bit 56 rẹ̀ láàárín wákàtí 56 ní 1998. Ó yẹ kí o bá AES tó rọ́pò DES níbẹ̀, àti TLS 1.3 tó ń dáàbò bo ohun tí a ń fi ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àti ìlànà mẹ́ta tí NIST, àjọ tó ń gbé ìlànà kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà, gbé jáde ní oṣù Kẹjọ 2024 nítorí kọ̀ǹpútà quantum, irú kọ̀ǹpútà tuntun tó lè tú RSA bí ó bá lágbára tó. Bí ti yunifásítì rẹ kò bá kún tó, kíláàsì Dan Boneh ti Stanford wà lórí Coursera, iṣẹ́ àṣetiléwá Cryptopals sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́.

Má sì hùmọ̀ ọ̀nà ìti-ọ̀rọ̀-pa tìrẹ. Ẹnà tí a fi ń ṣeré lọ́mọdé, bí ẹni tó ń gbọ́ bá ti mọ bí a ṣe ń ṣe é, àṣírí ti tú. AES kò rí bẹ́ẹ̀: láti 2001 ni gbogbo ayé ti mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́, kọ́kọ́rọ́ nìkan ni àṣírí.

Lọ́sẹ̀ yìí, ṣí Python. Fi kọ́kọ́rọ́ kan náà XOR gbólóhùn méjì (XOR ń fi bit wé bit: bí méjèèjì bá jọra, 0; bí wọ́n bá yàtọ̀, 1), kí o wá XOR àbájáde méjèèjì pọ̀. Wo ibi tí kọ́kọ́rọ́ náà wọlé sí, kí o kọ̀wé sí mi.