Ṣé dókítà lè ran aláìsàn lọ́wọ́ láti kú ní Abuja?

Ẹnì kan tí jẹjẹrẹ ń bá màmá ẹ̀ jà ló béèrè èyí. Rárá o, òfin ò gba dókítà kankan láyè láti gbẹ̀mí aláìsàn, kódà kó jẹ́ pé aláìsàn fúnra ẹ̀ ló bẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n àgbàlagbà tórí ẹ̀ pé lè sọ pé òun ò gba ìtọ́jú mọ́.

Ní Abuja níbí, Penal Code, ìyẹn òfin tó ń sọ ìyà tó tọ́ sí ọ̀daràn, la ń lò, ohun tó sì sọ ni pé tẹ́ni tó ti lé lọ́dún 18 bá fọwọ́ sí i kí wọ́n pa òun, wọn ò ní dájọ́ ikú fẹ́ni tó pa á, àmọ́ ẹ̀wọ̀n gbére ṣì lè kàn án.

Ti kéèyàn kọ ìtọ́jú yàtọ̀. Lọ́dún 2001 Súpíríìmù Kọ́ọ̀tù dá dókítà kan láre, aláìsàn ẹ̀ tó jẹ́ Ẹlẹ́rìí Jèhófà ló ní òun ò gbẹ̀jẹ̀, dókítà ò fipá fà á sí i lára, obìnrin náà sì kú, kọ́ọ̀tù ní ẹ̀tọ́ ẹ̀ ni láti kọ̀. Òfin ìlera ti 2014 náà ní kí wọ́n jẹ́ kí aláìsàn mọ̀ pé ó lè kọ̀, àti ohun tó lè tẹ̀yìn ẹ̀ yọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ béèrè nítorí jẹjẹrẹ màmá yín, ẹ jọ̀ọ́, oògùn morphine tí dókítà bá fún wọn bó ṣe yẹ nítorí ìrora kì í ṣe pípa èèyàn, ẹ béèrè fún un ní ọsibítù, kò yẹ kí wọ́n máa jẹ̀rora.

Tó bá kan kíkọ ìtọ́jú, ọ̀rọ̀ ọmọdé ló yàtọ̀: lọ́dún 2019, Súpíríìmù Kọ́ọ̀tù yẹn kan náà sọ pé òbí ò lè fi ẹ̀sìn dènà ẹ̀jẹ̀ tó máa gba ọmọ là.