Èsì: Béèsì tó ń pòórá nídìí àga

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní yàrá yín rí bíi lẹ́tà L, ó gùn ní mítà 4, béèsì (ohùn ìsàlẹ̀) tó ń jáde látinú sípíkà ń pòórá níbi tẹ́ ẹ jókòó sí, ó sì ń dún kìjikìji ní kọ̀rọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ra fóòmù tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri. Fóòmù tẹ́ẹ́rẹ́ ò ká béèsì. Ohùn tín-ín-rín nìkan ló ń gbé mì.

Ohùn ń rin nǹkan bíi mítà 343 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ fi ìlọ́po méjì gígùn yàrá pín in: ó di 43 Hz (iye ìgbà tí ohùn ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan). Àárín gbùngbùn yàrá gan-an nìyẹn ti ń kú. Ẹ gbé àga síwájú, kó ku bíi mítà 1.5 sí ògiri iwájú. Kí apá tó ṣí sílẹ̀ nínú L náà wà lẹ́yìn yín. Tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sípíkà kan, tọ̀tún tòsì ò ní bára mu.

Ẹ sún sípíkà mọ́ ògiri. Tó bá jìnnà ní mítà 1, ìró tó ta padà á pa ohùn tó wà nítòsí 86 Hz. Tẹ́ ẹ bá sún un mọ́ ọn, béèsì á pọ̀ díẹ̀ lóòótọ́, EQ (ohun tá a fi ń dín ohùn kọ̀ọ̀kan kù tàbí fi kún un) lè dín ìyẹn kù. Ṣùgbọ́n ẹ má fi EQ gbé ohùn tó ti kú dìde: bẹ́ ẹ ṣe ń fi kún un lèyí tó ń ta padà ń lágbára sí i.

Ní kọ̀rọ̀, ẹ gbé rockwool (òwú tí wọ́n fi òkúta ṣe) tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 15 síbẹ̀, láti ilẹ̀ dé àjà, pẹ̀lú àlàfo sẹ̀ǹtímítà 10 lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ fi aṣọ tí èémí ń gbà kọjá bò ó. Ẹ bomú tẹ́ ẹ bá ń gé e.