Ẹ má tìtorí yoga da oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru nù

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, dókítà. Ìbàdàn ni mo ti ń kọ̀wé sí yín. Màmá mi ti pé ọdún 63, ó sì ti tó ọdún mẹ́fà tí wọ́n ti ń lo amlodipine nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Ọ̀gbẹ́ni kan wà tó ń polówó yoga, ìdárayá àwọn ará Íńdíà tí wọ́n ń fi nína ara àti mímí ṣe, lórí WhatsApp, ó ní gbọ̀ngàn tó ti ń kọ́ àwọn èèyàn. Ó ní tí màmá bá fi ọjọ́ 40 ṣe é, wọ́n á bọ́ lọ́wọ́ oògùn títí láé. Wọ́n ti lọ lẹ́ẹ̀mẹta, BP wọn sì ń wálẹ̀ lóòótọ́, ojú mi ni wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n. Ìgbà wo ló yẹ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dín oògùn náà kù? Àti pé ṣé yoga kì í ṣe ìbọ̀rìṣà? Onígbàgbọ́ ni wá. Ẹ̀kẹta, ṣé dandan ni ká ra ẹní rẹ̀, torí ó wọ́n?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìtọ́jú ìyá o. Dókítà kọ́ ni mí. Físíò ni mí, àwa tí à ń fi ọwọ́ àti ìdárayá tọ́jú iṣan àti oríkèé, tí à ń kọ́ ẹni tí rọpárọsẹ̀ kọlù ní ìrìn padà. N kì í kọ amlodipine fún ènìyàn, n kì í sì í gbà á lọ́wọ́ ènìyàn. Ọ̀gbẹ́ni orí WhatsApp yẹn náà ò láṣẹ láti gbà á.

Ẹ ní ìgbà wo ni kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dín in kù. Ẹ ti gbà pé yoga ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru sàn, ọjọ́ ló kù tí ẹ fẹ́ ká jọ dá. Kò wò ó sàn. Èyí ni ìkẹrin irú ìbéèrè yìí tí mo máa gbà láàárín oṣù méjì, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n tú u palẹ̀. Tí ohùn mi bá le, ẹ̀yin kọ́ ni mò ń bá jà.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ohun tí ẹ fojú ara yín rí. Màmá wọ mọ́tò láti ilé, wọ́n bá kọ̀ńdọ́kítọ̀ fa ọ̀rọ̀ ṣéńjì, wọ́n gun àtẹ̀gùn wọ gbọ̀ngàn. Bí ìdí wọn ṣe kan àga báyìí ni wọ́n ti wé ẹ̀rọ mọ́ wọn lápá. Ká ní ó gbé 164 lórí 98 jáde. Wọ́n wá ṣe ìdárayá bíi wákàtí kan, èyí tí wọ́n fi kásẹ̀ ẹ̀ nílẹ̀ sì ni pé kí kálukú na gbalaja, kó dijú, kó máa mí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ fún ìṣẹ́jú 15. Savasana lorúkọ rẹ̀. Èdè Sanskrit ni, ohun tó túmọ̀ sí ni ìdùbúlẹ̀ òkú, ẹ má bẹ̀rù. Wọ́n dìde, wọ́n wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kejì: 144 lórí 86. Gbogbo gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́.

Ta ló máa na gbalaja fún ìṣẹ́jú 15 tí BP rẹ̀ ò ní wálẹ̀? Ìbáà jẹ́ orí ẹní yoga ni, ìbáà jẹ́ orí bẹ́ńṣì ṣọ́ọ̀ṣì. Ìdárayá èyíkéyìí pàápàá, títí kan kí ènìyàn rìn kánmọ́kánmọ́ yí àdúgbò ká, máa ń jẹ́ kó rọlẹ̀ fún wákàtí bíi mélòó kan. Ìyàtọ̀ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré dé àti ẹni tó ti sinmi ni wọ́n fi hàn yín. Wọn ò fi ìwòsàn hàn yín.

Bó ṣe yẹ kí wọ́n wọ̀n ọ́n rèé. Kí màmá ti tọ̀, kí wọ́n má tíì jẹ obì tàbí mu kọfí ní ìdajì wákàtí ṣáájú (kaféènì tó wà nínú kọfí wà nínú obì náà, àwọn àgbà kì í fẹ́ gbọ́ ìyẹn). Kí wọ́n jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ̀yìn wọn fara ti àga, kí ẹsẹ̀ méjèèjì tẹlẹ̀, kí apá wà lórí tábìlì ní ìbámu pẹ̀lú àyà. Kí ẹnikẹ́ni má bá wọn sọ̀rọ̀. Kí ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, kí ìṣẹ́jú kan wà láàárín. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́ fún ọjọ́ méje, kí ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé. Ohun tí dókítà lè fi ṣe ìpinnu nìyẹn.

Ohun kejì ló ń dẹ́rù bà mí jù, torí ó máa ń jọ iṣẹ́ ìyanu. Amlodipine kì í tètè kúrò lára. Ó máa ń tó wákàtí 30 sí 50 kí ìdajì rẹ̀ tó jáde, ìdajì èyí tó kù á tún gba irú àkókò kan náà. Tí màmá bá dá a dúró lónìí, oògùn àná ló ṣì ń ṣiṣẹ́ lọ́la, lọ́tùn-únla àti fún ọjọ́ bíi mélòó kan sí i. Wọ́n á wọ̀n ọ́n lọ́jọ́ kẹta, á dára. Olùkọ́ á ní, "Ṣé ẹ rí i?" Wọ́n á jẹ́rìí. Tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ kan àbọ̀, oògùn ti tán lára, nọ́mbà ti ń gun òkè padà ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń wọ̀n ọ́n mọ́ torí wọ́n ti dúpẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sì í dunni. Orí lè má fọ́, ojú lè má ṣú. "Ara mi yá" kì í ṣe nọ́mbà.

Àwọn oògùn mìíràn tiẹ̀ wà tí dídá wọn dúró lójijì burú ju èyí lọ, bíi clonidine, tó lè jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ fò sókè kọjá ibi tó wà tẹ́lẹ̀, tàbí atenolol, tó lè kó ìdààmú bá ọkàn-àyà. Mo ń sọ èyí fún ẹlòmíràn tó ń kà á, tí oògùn tiẹ̀ kì í ṣe amlodipine.

Wọ́n gbé bàbá kan wá sọ́dọ̀ wa nígbà kan, ẹni ọdún 58, awakọ̀ akẹ́rù. Apá ọ̀tún ò gbéra. Nígbà tí ìka bẹ̀rẹ̀ sí í jí díẹ̀, mo ní kí wọ́n fi í de bọ́tìnnì ẹ̀wù ara wọn. Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án ni wọ́n fi de ẹyọ kan. Ìyàwó wọn dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń wo ògiri. Nígbà tó yá ó ṣí báàgì, ó kó káàdì oògùn mẹ́rin jáde, wọn ò tíì fa ẹyọ kan yọ lára ìkankan. Ó ní, "Wọ́n ní àwọn ti gbádùn." Àgbo ni tiwọn o, yoga kọ́. Ibi tí ọ̀nà méjèèjì já sí ò yàtọ̀.

Ṣé yoga ò wá ṣe nǹkan kan fún BP ni? Ó ń ṣe é. Nígbà tí wọ́n kó oríṣiríṣi ìwádìí jọ, nọ́mbà òkè wálẹ̀ ní bíi 5 ní ìpíndọ́gba lára àwọn tó ń ṣe é. Ẹ yọ 5 kúrò nínú 164, kí ẹ wò ó bóyá ó tó ohun tí à ń da oògùn nù fún. Ṣùgbọ́n tí 5 yẹn bá gun orí iṣẹ́ tí oògùn ń ṣe, tí iyọ̀ àti magí inú ọbẹ̀ sì dín kù, èrè ni. Ó ṣeé ṣe kí dókítà fúnra rẹ̀ dín oògùn kù tó bá rí i pé nọ́mbà ti dúró re fún oṣù púpọ̀. Òun ló máa dín in, lórí ìwé tí ẹ kọ, kì í ṣe lórí àtẹ́wọ́.

Tí ẹ bá rò pé mò ń tàbùkù ohun tí àwọn ará Íńdíà jogún ni, ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ wọn lọ́hùn-ún. Patanjali Ayurved, ilé-iṣẹ́ tí gbajúmọ̀ olùkọ́ yoga nì, Baba Ramdev, wà nídìí rẹ̀, polówó pé àwọn lè mú kí ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà lọ pátápátá. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà Íńdíà gbé wọn lọ sí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ. Ní 2024, ilé ẹjọ́ ní kí wọ́n dá irú ìpolówó bẹ́ẹ̀ dúró, wọ́n sì tẹ àforíjì sínú ìwé ìròyìn. Nílé yoga gan-an nìyẹn. Ọ̀gbẹ́ni orí WhatsApp ló wá ń fi ọjọ́ 40 ṣèlérí fún yín.

Ibi tí yoga ti dára gan-an, ẹ̀yìn dídùn ni, irú èyí tó ti lé ní oṣù mẹ́ta. Ní 2017, ẹgbẹ́ àwọn dókítà Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní American College of Physicians kà á mọ́ ohun tí ènìyàn lè kọ́kọ́ dán wò kó tó dé orí oògùn. Lọ́dún yẹn kan náà, ìwádìí kan jáde ní Boston lórí àwọn 320 tí ẹ̀yìn ń dùn. Wọ́n fi ọ̀sẹ̀ 12 kọ́ àwọn kan ní yoga, wọ́n gbé àwọn kan fún físíò, àwọn tó kù gba ìwé kà. Yoga ò rẹ̀yìn sí físíò. Ó dùn mí díẹ̀, àmọ́ òótọ́ ni. Ìwádìí mìíràn ti wà ní 2011 tó fi yoga wé nína iṣan lásán, irú èyí tí olùkọ́ eré ìdárayá ń kọ́ ọmọ ilé-ìwé, kò sì sí èyí tó ta èkejì yọ. Nítorí náà, ẹni tó bá ní òun ní àṣírí kan tí òun ń tà, ẹ bi í pé àṣírí wo.

Ti ọkàn ńkọ́? Àwọn tó ń ṣe é déédéé sábà máa ń sùn dáadáa, àníyàn àti ìrẹ̀wẹ̀sì sì máa ń fúyẹ́ lára wọn. Èémí wà lára ohun tó ń fà á. Iṣan ìmọ̀lára kan wà tó ti ọpọlọ gba ọrùn sọ̀kalẹ̀ lọ sí ọkàn-àyà àti ikùn, vagus ni wọ́n ń pè é, òun ni bíréèkì ara. Ẹ fi ìka méjì lé ọrùn ọwọ́ yín, níbi tó ti ń lù. Ẹ fa èémí sínú, lílù yẹn á yára díẹ̀. Ẹ mí jáde pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́, á falẹ̀. Lára ọ̀dọ́ ló máa ń hàn jù, àwa tí orí wa ti ń funfun á fara balẹ̀ wá a. Ẹni tó bá ń ka 4 tó bá ń mí sínú, tó ń ka 6 tó bá ń mí jáde, fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá lójúmọ́, ń tẹ bíréèkì yẹn. Kò náni ní kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ìrẹ̀wẹ̀sì ti wọ̀ lára débi pé kò lè jẹun, tàbí tó ń rò ó pé kí òun pa ara òun, kí wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn lónìí. Kíláàsì á dúró dè é.

Màmá lè máa bá a lọ, tí dókítà bá ti gbà. Èmi ò rí wọn, n ò mọ bí orúnkún àti eegun wọn ṣe rí, nítorí náà ẹ má sọ pé físíò kan ló ní kí wọ́n ṣe tibí, kí wọ́n ṣe tọ̀hún. Àwọn ohun tí wọn ò gbọ́dọ̀ ṣe ni mo lè fọwọ́ sọ̀yà lé lórí. Kí wọ́n má forí dúró, bí gbogbo kíláàsì bá tiẹ̀ ń ṣe é. Ó ń ni ọrùn lára, ó sì máa ń sọ agbára omi inú ẹyinjú di bíi ìlọ́po méjì. Gilọ́kóómà, tó ń jí ojú kó láìsọ̀rọ̀, sì wọ́pọ̀ láàárín àwa aláwọ̀ dúdú. Kí wọ́n yẹ ojú wọn wò ná. Kí wọ́n má di èémí mú. Tí òòyì bá kọ́ wọn nígbà tí wọ́n dìde, kí wọ́n jókòó. Kí wọ́n má sì jókòó lé gìgísẹ̀ fún wákàtí gígùn: láti 1971 ni dókítà kan ní Amẹ́ríkà ti kọ̀wé nípa ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi wọ́lẹ̀, torí iṣan ìmọ̀lára tó gba ẹ̀gbẹ́ orúnkún ti fún pọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń kúnlẹ̀ gbàdúrà mọ́jú náà, ẹ máa yí ẹsẹ̀ padà. Kí wọ́n lo àga tàbí kí wọ́n di ògiri mú. Dídúró lórí ẹsẹ̀ kan pẹ̀lú ọwọ́ lára ògiri wúlò fún ẹni ọdún 63 ju gbogbo dídọ̀bálẹ̀ orí Instagram lọ, torí ìṣubú ló ń kán àgbà ní eegun ìbàdí.

Ìbọ̀rìṣà ńkọ́? Inú ẹ̀sìn Íńdíà ni yoga ti jáde, irọ́ ni mo máa pa tí mo bá ní kò rí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ púpọ̀ nínú títẹ̀ síwá sẹ́yìn tí wọ́n ń ṣe kárí ayé lónìí, ọwọ́ Krishnamacharya, olùkọ́ yoga tó kọ́ni nílùú Mysore ní Íńdíà ní nǹkan bí 1930 sókè, àti àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ ló ti tàn kálẹ̀. Tí wọ́n bá ní kí màmá kọrin tí wọn ò mọ ìtumọ̀ rẹ̀, kí wọ́n pa ẹnu mọ́. Iṣan á nà láìsí orin. Èyí tó kù, pásítọ̀ yín ni kí ẹ bi.

Ẹní: ẹ má rà á tí owó bá fún. Orí kápẹ́ẹ̀tì dára. Ẹní àtẹ́ẹ̀ká lórí táìsì ni mi ò fẹ́, ó máa ń yọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀. Kí ẹ tó ra ẹní yoga, ẹ fi owó yẹn ra ẹ̀rọ BP tó ń wé mọ́ apá òkè, ẹ má ra ti ọrùn ọwọ́. Kí ẹ wo bóyá ìwọ̀n rẹ̀ bá apá màmá mu, torí tó bá kéré fún apá tó sanra, nọ́mbà èké tó ga ló máa gbé jáde, ẹ̀rù lásán ló sì máa dá bà yín.