Côte d'Azur kì í ṣe ti oṣù kẹjọ nìkan

Ẹ̀yin tẹ béèrè oṣù tó yẹ kí èèyàn lọ sí Côte d'Azur, etí òkun gúúsù ilẹ̀ Faransé, tẹ sì ń bẹ̀rù pé àwọn olówó rẹpẹtẹ nìkan ni wọ́n ń lọ síbẹ̀, ẹ fọkàn balẹ̀. Mo ti lọ nígbà òtútù, mo ti lọ nígbà ooru, mo sì ti lọ nígbà tí òjò kọ̀ tí kò dá. Kò sígbà tí kò ní adùn tiẹ̀. Oṣù kẹjọ nìkan ni mo ní ẹjọ́ bá rò. Bó bá jẹ́ ìgbà yẹn nìkan ni ibi iṣẹ́ fún yín láàyè, ẹ lọ, àmọ́ ẹ di sùúrù mọ́ ẹrù yín, kí ẹ sì fowó kún owó.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ni pé ìgbà òtútù gan-an làwọn ọlọ́lá ń lọ síbẹ̀ láyé àtijọ́. Òtútù ilé wọn làwọn Gẹ̀ẹ́sì ń sá fún tí wọ́n fi ń wá yá oòrùn ní ìlú Nice. Ọ̀nà gbọọrọ etí òkun ibẹ̀, Promenade des Anglais, àwọn ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láàárín ọdún 1820 sí 1830. Ọbabìnrin Victoria alára wá ń gbé lórí òkè Cimiez láwọn ọdún 1890. Tí ooru bá ti dé, hòtẹ́ẹ̀lì á tilẹ̀kùn, kálukú á gba ilé ẹ̀ lọ. Ẹ̀yìn ọdún 1920 làwọn ará Amẹ́ríkà kan bẹ̀rẹ̀ sí í dúró síbẹ̀ nígbà ooru, tí wọ́n ń na ara sílẹ̀ fún oòrùn, ni àṣà bá yí padà. Kódà, nígbà tí UNESCO fi Nice sínú àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé lọ́dún 2021, ìlú ìsinmi ìgbà òtútù ni wọ́n pè é. Nítorí náà, tẹ́nì kan bá bi yín pé kí lẹ ń wá lọ síbẹ̀ nínú òtútù, ẹ ní ìṣẹ̀ṣe lẹ ń ṣe.

Bí wọ́n bá ní kí n mú oṣù kan, oṣù kejì ni màá mú. Àjọ̀dún carnival Nice máa ń bọ́ sí ìgbà yẹn, òdòdó mimosa á ti yọ pupa rẹ́súrẹ́sú lórí òkè ní Mandelieu, ìlú Menton náà á sì ń ṣe ọdún ọsàn lẹ́mọ́ọ̀nù. Ẹ má fojú kékeré wo ọdún ọsàn yẹn o. Odindi ilé, ẹranko àti ẹ̀dá inú ìtàn ni wọ́n ń fi ọsàn àti lẹ́mọ́ọ̀nù mọ, tó ga ju ọkọ̀ bọ́ọ̀sì lọ. Mo sún mọ́ ọ̀kan títí imú mi fi fẹ́ẹ̀ kàn án, mo wá rí i pé rọ́bà tín-ín-rín, irú èyí tí wọ́n fi ń di owó, ni wọ́n fi so ọsàn kọ̀ọ̀kan mọ́ wáyà, lọ́kọ̀ọ̀kan, láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ta ló ní sùúrù yẹn? Èyí tó tún pa mí lẹ́rìn-ín ni pé púpọ̀ nínú ọsàn náà, láti Sípéènì ni wọ́n ti ń kó o wá. Lẹ́mọ́ọ̀nù Menton fúnra rẹ̀ níyì ju ohun tí wọ́n ń fi ṣe ère lọ.

Ojú ọjọ́ ńkọ́? Lọ́sàn-án, ẹ máa bọ́ kóòtù. Bí oòrùn bá ṣe pamọ́ sẹ́yìn ilé báyìí, ẹ máa tún un wọ̀ kíá. Òkun ìgbà yẹn tutù, nǹkan bí ìwọ̀n 13 lórí Celsius, síbẹ̀ ẹ óò rí àwọn ìyá àgbà ìlú náà tí wọ́n ń lúwẹ̀ẹ́ láàárọ̀, tí wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ lórí omi bí ẹni pé inú pálọ̀ ni wọ́n wà. Èmi ò bá wọn dé bẹ̀. Orí àga búlúù tí ìjọba tò sí etí ọ̀nà ni mo jókòó sí. Ọ̀fẹ́ ni, kò sẹ́ni tó máa bi yín pé kí lẹ fẹ́ mu.

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa: etí òkun Nice kì í ṣe iyanrìn. Òkúta rìbìtì-rìbìtì ni, ó sì ń gún ẹsẹ̀. Ẹ ra bàtà rọ́bà tí wọ́n ń wọ̀ wọnú omi, ẹ̀yin náà á máa rìn bí èèyàn. Ẹni tó bá fẹ́ iyanrìn, kó lọ sí Cannes tàbí Antibes. Àwọn ibi tí wọ́n ti ń gbowó àga àti agboòrùn pọ̀, owó náà ò kéré, ṣùgbọ́n òfin Faransé sọ pé ti gbogbo ayé ni etí òkun. Ẹ tẹ́ táwẹ́ẹ̀lì yín sí ibi tí kò ní àga, omi kan náà lẹ jọ máa wọ̀.

Ó wá ku oṣù kẹjọ. Oṣù yẹn ni mo lọ sí ìlú Saint-Tropez, tí kò ní rélùwéè. Bọ́ọ̀sì ni mo wọ̀, ọ̀nà há, ọkọ̀ sì tò gbọọrọ. Nígbà tó yá, awakọ̀ wa pa ẹ́ńjìnnì, ó yọ ìwé ìròyìn. Bàbá kan tó gbé àpò búrẹ́dì dání rìn kọjá lára wa, ó lọ, ó tún padà bọ̀, a ò tíì kúrò lójú kan. Tí ẹ bá gbọ́dọ̀ lọ síbẹ̀ nígbà ooru, ẹ wọ ọkọ̀ ojú omi láti Saint-Raphaël tàbí Sainte-Maxime. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ má lọ gba yàrá ní Cannes nínú oṣù karùn-ún tí wọ́n bá ń ṣe àjọ̀dún sinimá, àfi tí wọ́n bá fìwé pè yín. Àwọn àtẹ̀gùn tí àwọn òṣèré ń gùn wà níbẹ̀ jálẹ̀ ọdún, ẹ lè ya fọ́tò lórí rẹ̀ nígbà tí kò sí ẹnì kankan, kí ẹ tún gbé ọwọ́ yín lé ojú ọwọ́ wọn tó wà lórí ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀.

Monaco, orílẹ̀-èdè kékeré tó wà létí òkun kan náà, wù mí nítorí ìran wíwò. Ẹ lè fẹsẹ̀ rìn ín já láàárọ̀ kan, ẹ̀rọ agbéniròkè tó wà fún gbogbo èèyàn sì máa ń gbé yín gun òkè lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ọba máa ń pààrọ̀ ara wọn níwájú ààfin ní aago 11:55 lójoojúmọ́. Níwájú Casino, ilé tẹ́tẹ́ tí wọ́n ṣí lọ́dún 1863, ẹ wo ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ títí ojú yín á fi rẹ̀ yín, ẹ má ṣá jókòó mu kọfí níbẹ̀. Òfin ò sì gbà kí ọmọ Monaco fúnra rẹ̀ ta tẹ́tẹ́ nínú Casino yẹn. Àlejò ni wọ́n ń dúró dè.

Oúnjẹ: ẹ jẹ socca. Ìyẹ̀fun ẹ̀wà pois chiche ni wọ́n fi ń ṣe é, wọ́n á yan án nínú páànù fẹ̀ǹfẹ̀ títí etí rẹ̀ á fi jó díẹ̀, ẹ ó bu ata dúdú sí i, ẹ ó fọwọ́ jẹ ẹ́ nígbà tó ṣì gbóná. Tó bá tutù, ó ti di ìtàn. Ọjà Cours Saleya ní Nice dára fún èyí, àmọ́ ọjọ́ Mọ́ńdè, ohun èlò àtijọ́ ni wọ́n ń tà níbẹ̀. Kí ẹ tó na ọwọ́ sí ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ kí ọlọ́jà ní "Bonjour". Àwọn tó ń sọ pé ará ibẹ̀ ń ṣe fújà, mo ti wo ọ̀pọ̀ wọn: wọn kì í kíni. Bẹ́ẹ̀, tí ẹ bá gbọ́ ìró ìbọn àgbá ní ọ̀sán gangan, ẹ má dọ̀bálẹ̀ bí mo ṣe ṣe. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń yìn ín ní Nice, aago méjìlá ló lù.

Oṣù kẹsàn-án ló dára jù fún ẹni tó fẹ́ lúwẹ̀ẹ́, torí omi ṣì lọ́wọ́ọ́wọ́, àwọn ọlọ́mọ sì ti kó ọmọ wọn padà síléèwé. Oṣù kẹwàá àti ìkọkànlá, òjò lè dé pẹ̀lú ìbínú. Ìgbà yẹn ni kí ẹ wọ ilé iṣẹ́ ọnà Matisse àti ti Chagall, àwọn ayàwòrán, ní Nice, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọjọ́ Túsìdeè o, wọ́n máa ń tilẹ̀kùn.

Ní ti ibùgbé, ẹ gba yàrá ní Nice nítòsí ibùdókọ̀ rélùwéè, kí ẹ máa ti ibẹ̀ já sí àwọn ìlú yòókù. Ọkọ̀ rélùwéè TER ń gba etí òkun lọ. Tí ẹ bá ń lọ sí Menton, ẹ jókòó sápá ọ̀tún kí ẹ lè máa rí omi. Tí ẹ bá ń bọ̀, apá òsì.