Èsì: Ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí búrẹ́dì ti ń ṣòfò

Ẹ kú iṣẹ́ o, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ béèrè bóyá AI, ìyẹn ọgbọ́n àtọwọ́dá orí kọ̀ǹpútà, lè sọ iye búrẹ́dì tó yẹ kí ẹ máa yan lójúmọ́, torí èyí tó ń ṣẹ́kù ti pọ̀ jù. Ó lè ràn yín lọ́wọ́, àmọ́ òun kọ́ ni màá kọ́kọ́ fọwọ́ kàn.

Taiichi Ohno, ọ̀gá kan nílé iṣẹ́ Toyota ní Jàpáàn, ka oríṣi òfò 7 nínú iṣẹ́. Èyí tó burú jù lójú rẹ̀ ni kí èèyàn ṣe ọjà ju iye tí oníbàárà fẹ́ lọ, torí òun ló ń bí àwọn yòókù. Ìṣòro yín gan-an nìyẹn: ìyẹ̀fun, gáàsì àti agbára òṣìṣẹ́ ló ń bá búrẹ́dì ọ̀hún lọ.

Ẹ mú ìwé kékeré kan. Fún ọ̀sẹ̀ 4, ẹ máa kọ iye tí ẹ yan, iye tó ṣẹ́kù, bóyá òjò rọ̀, bóyá àwọn ọmọ lọ síléèwé. Bí búrẹ́dì bá tán lọ́jọ́ kan, ẹ kọ aago tó tán. Bó bá tán láago 10 àárọ̀, ẹ ò mọ iye tí ẹ̀ bá tún tà.

Ìgbà náà ni kí ẹ tó kó ohun tí ẹ kọ fún AI bíi ChatGPT tàbí Gemini. Ẹ tún ìṣirò rẹ̀ ṣe fúnra yín, torí ó máa ń ṣì í, á sì sọ ọ́ bíi pé ó dá a lójú. Ẹ má fi nọ́ńbà fóònù oníbàárà kankan sí i.

Ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ tèmi, irú ìwé yẹn ló jẹ́ kí n rí i pé dídúró de ẹni tó ń bá wa lu ihò bọ́tìnì ló ń jẹ àkókò wa. Bí ọ̀sẹ̀ 4 bá pé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá sọ ohun tí ẹ rí fún wa.